Orúnkún Tí Kò Dùn Mí

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, n ò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ìjọ yíjú wò mí nítorí orúnkún tí kò dùn mí rí.

Owó ilé Èkó ló lé mi wá sí Abẹ́òkúta. Mo gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Ìbarà, inú ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀gá mi wà ní Èkó, a kì í ríra. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé "ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan" tí mo sọ fún oníṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìsìn bá ti parí, kálukú á kó àwọn ọmọ rẹ̀ sínú mọ́tò, èmi á fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ó dùn mí, n ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni.

Nígbà tí Ìyá Ìjọ wá ní àwọn ń wá ẹni tó máa ṣe áàpù fún ẹgbẹ́ abẹ̀niwò, kíá ni mo nawọ́. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn tàbí tó dá wà á kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sórí fóònù, á yan ohun tó ń ṣe é. Fóònù á fi ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí mo háyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, sáfà á sì pín in fún àwọn abẹ̀niwò. Bí wọ́n bá ń lọ, fóònù ẹni náà á sọ fún un. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ wò tán, á tún sọ. Ìyá Ìjọ fi òfin kan kún un: orúkọ kò gbọdọ̀ hàn, abẹ̀niwò kò sì gbọdọ̀ sọ pé "ẹ̀yin lẹ pè wá," kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Òfin rere ni. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Nígbà tí mò ń dán áàpù náà wò, gbogbo ìgbà tí àyè kan bá ṣófo nínú àdírẹ́sì ni sáfà ń kọ̀ ọ́. Ó sú mi. Mo bá pàṣẹ fún un pé bí àyè kankan bá ṣófo, kó fi àdírẹ́sì ilé tèmi rọ́pò. Mo ní tó bá yá, màá yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin náà mọ bí "tó bá yá" ṣe máa ń rí.

Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni àwọn ìyá méjì láti ìjọ wa kan ilẹ̀kùn mi, tàwọn ti fúláàsì oúnjẹ.

"Ẹ kú ilé o. Ara ń kọ́?"

Mo ní ara le. Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Ìgbàgbọ́ nìyẹn," ni ọ̀kan wí, ó sì gbàdúrà gígùn fún ìwòsàn mi.

Mo rò pé wọ́n ti ṣàkíyèsí pé mo dá wà ni. Inú mi dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ìyẹn, bàbá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ wá fún mi, èmi tí n ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún! Mo ní bóyá bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe ń kí àlejò káàbọ̀ nìyẹn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá figbe ta: "Rọra o! Orúnkún!"

Nígbà tó ṣe, àwọn ìyá tún dé, wọ́n mú òrí ìpara dání.

"Orúnkún mi ò dùn mí o, mà."

"A mọ̀, a mọ̀. Má tijú. Nà án wá."

Kí n sòótọ́, mo lè kọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí. Mo na èkejì náà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àdúgbò Òwu ni wọ́n ń gbé.

"Ìyá Ìjọ, fóònù mi ní wọ́n ti wá kí mi nítorí orúnkún mi. Àlejò wo? Gbogbo ìgbà tó bá ti ní wọ́n ń bọ̀ ni mò ń múra, tí mò ń jókòó síta títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Ìyá tó fi òrí pa mí lórúnkún dìde. "Màmá, orúnkún kan náà tí wọ́n rán wa sí la lọ wò. Ó ń jiyàn, a ní ìtìjú ló ń ṣe é." Ó nàka sí mi.

Gbogbo ìjọ yíjú. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ̀ ọ́.

Mo sáré lọ sílé, mo ṣí sáfà wò. Màmá kọ orúkọ agbo ilé wọn, wọ́n kọ Òwu, àyè nọ́ńbà ilé nìkan ló ṣófo, ni àṣẹ tí n ò yọ kúrò bá fi àdírẹ́sì mi rọ́pò gbogbo rẹ̀. Àṣé kò sẹ́ni tó wá kí mi rárá. Gbogbo àdúrà yẹn, gbogbo oúnjẹ yẹn, Màmá ló ni ín. Mo jókòó sílẹ̀, ọkàn mi gbọgbẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní Òwu. Màmá nawọ́ sí ògiri ilé náà.

"Bàbá bàbá mi ló kọ́ ilé yìí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè nọ́ńbà kó tó débí. Ṣé torí pé kò ní nọ́ńbà lo ṣe sọ ọ́ di ilé tìẹ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Jókòó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí àlejò."

Mo tún sáfà ṣe: bí àyè bá ṣófo báyìí, á padà lọ bi ẹni tó ni ín. Láti ìgbà náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ilẹ̀kùn mi lẹ́nu. Nígbà tí n ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo ṣí áàpù náà, mo kọ àdírẹ́sì mi pé pérépéré, mo yan "mo dá wà." Mo gbálẹ̀, mo dúró. Ẹnikẹ́ni ò wá. Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá Ìjọ pè mí.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ o! Ó tún ń darí wa sílé rẹ. Mo ti ní kí wọ́n má dá a lóhùn."

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀rọ, mà. Èmi ni."

Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí o ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fúnra wọn wá kí mi. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti kọ́ sáfà pé kó má fi ohun tí ẹnìkan ò sọ sí i lẹ́nu; èmi náà ti kọ́ pé kí n má retí kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí n ò sọ. Èmi tí mo ṣe ohun tí gbogbo ìjọ fi ń wá àlejò ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àlejò tèmi gbà. Mo ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í dùn tán.