Ìkéde Lórí Ojú Tó Wà Nímú Ọkọ̀ Kábíyèsí

Kò-kò-kò! Kò-kò-kò!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, ará Òkè-Ọ̀sàn! Ẹni tó ń lọ ata, kó dá ọlọ dúró. Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó sinmi ẹnu ná. Ògúnrìndé akéde yín ni ààfin rán. Iṣẹ́ náà gùn, ó sì ní ibi kíkorò, nítorí ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ yìí fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu Ògúnrìndé alára. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ má tíì tú ká!

Ẹ rántí ọkọ̀ tuntun tí àwọn ọmọ wa lókè òkun rà fún Kábíyèsí. Ọkọ̀ náà ní ojú! Imú ọkọ̀ ni ojú ọ̀hún wà, rédà ni wọ́n ń pè é. Ó ń ju ìgbì tí ẹnikẹ́ni kò lè rí síwájú. Bí ìgbì náà bá kan nǹkan, á padà wá ròyìn, ọkọ̀ á sì tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Dírẹ́bà kọ́ o! Ọkọ̀ ni!

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, Kábíyèsí ń lọ ṣí ilé iṣẹ́ epo pupa wa. Ẹ̀yin náà ṣe bí ọmọ tí a kọ́, ẹ dọ̀bálẹ̀ síwájú ọkọ̀. Ọkọ̀ dúró. Ẹ dìde, ó gbéra. Ará ilé kejì dọ̀bálẹ̀, ó tún dúró. Ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta! Ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni adé Kábíyèsí forí sọ àga iwájú! Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kúrò láàfin, aago méjì ni wọ́n dé ibi tí arúgbó ń fẹsẹ̀ rìn dé kí ẹ̀kọ tó tutù. Ìgbìmọ̀ ààfin bá jókòó. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ìjọba ń pín ìgbì inú afẹ́fẹ́ bí ẹní ń pín oko. Àwọn náà pín in.

Àṣẹ kìíní! Ìgbì kẹtàdínlọ́gọ́rin jẹ́ ti ọkọ̀. Ìgbì ọgọ́rin jẹ́ ti rédà tó ń wo bí epo ṣe kún tó nínú táǹkì ilé iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má dáko kọjá ààlà! Olóyè Aṣípa ti gun àkàsọ̀ lọ gbin pèrègún sí ààlà náà nínú afẹ́fẹ́. Pèrègún jábọ́, Aṣípa jábọ́ tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní kí a kéde pé ó ti hù. Ó ti hù o!

Àṣẹ kejì! Rédà inú táǹkì kò gbọdọ̀ wo ibòmíràn, epo nìkan ni kó máa wò. Bí a bá ká a mọ́ ibi tó ti ń yọjú síta, olófòófó ni. A ó fi àpò ìrẹsì bò ó lójú fún ọjọ́ méje.

Àṣẹ kẹta! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀ Kábíyèsí. Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ̀yìn náà ní ojú! Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé yín, kí ẹ kí i láti ibẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò dọ̀bálẹ̀ fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oríkì.

Àṣẹ kẹrin! Ewúrẹ́ tó bá dá ọkọ̀ dúró yóò fara hàn láàfin ní ọjọ́ kẹta. Kó mú ẹlẹ́rìí dání. Ti adìyẹ, ìgbìmọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Àṣẹ karùn-ún. Èyí dun Ògúnrìndé, kò ní purọ́ fún yín. Ẹnjiníà Ìbídùnní tó wá yẹ ọkọ̀ wò ní ohun tí rédà ń rí jù lọ ni akéde, òun àti agogo irin rẹ̀, gbàgàdà níwájú. Nítorí náà, akéde kò gbọdọ̀ rìn níwájú Kábíyèsí mọ́. Akéde kò gbọdọ̀ rìn níwájú Kábíyèsí mọ́! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń rìn ín. Bàbá rẹ̀ rìn ín kó tó kú.

Wọ́n dán an wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ògúnrìndé jókòó sílé, ó gbé agogo lé orúnkún. Ọkọ̀ fò la ìlú kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré! Ẹnikẹ́ni kò jáde. Ẹ̀yin obìnrin tó wà nídìí kànga, ẹ rò pé ọkọ̀ àwọn tó ń ra kòkó ni. Kábíyèsí ń juwọ́ nínú gíláàsì dúdú, kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n ní ó bi dírẹ́bà léèrè bóyá ìlú ti ṣí lọ.

Àṣẹ kẹfà! Ẹnu Kábíyèsí gan-an ló ti jáde, ìgbìmọ̀ kò bá a dá sí i. Àṣẹ karùn-ún ti kú, a ti sin ín! Ọjọ́ tí Kábíyèsí bá fẹ́ kí ìlú rẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn. Akéde yóò wà níwájú, agogo yóò máa dún. Ọkọ̀ yóò máa bọ̀ lẹ́yìn ní ogójì ìṣísẹ̀. Bó bá rí Kábíyèsí níwájú, kí òun náà dúró, kó kọ́ ìwà.

Ohun tí ààfin wí nìyí. Ògúnrìndé kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀, àfi ẹ̀rín tó ń rín yìí. Kí ẹni tó wà nílé sọ fún ẹni tó wà lóko.

Ó yá, ẹ wo ẹ̀yìn akéde dáadáa. Àgbàlagbà tó wọ bàtà ìlẹ̀kẹ̀, tó ń gba abẹ́ igi ọsàn bọ̀ yẹn, tí òógùn bò lójú, tínú rẹ̀ sì ń dùn bẹ́ẹ̀, Kábíyèsí ni. Níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ni yóò ti fúnra rẹ̀ dúró.

Kò-kò-kò! Ẹ dọ̀bálẹ̀ o!