Eyín Aporosa

Ọjọ́ kẹrin tá a ti ìdíje rọ́gíbì dé láti Labasa ni Aporosa wá jí mi láàárọ̀ kùtù, ojú ẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni tó mu ọsàn wẹ́wẹ́.

"Peceli, bí mo bá ń tọ̀, iná ni!"

"Iná báwo?"

"Iná! Ṣàààà! Bí ata!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ arákùnrin ìyá mi ni, lọ́dọ̀ tiwa sì rèé, yẹ̀yẹ́ ni irú ìbátan bẹ́ẹ̀ fi ń kí ara wọn. Àmọ́ nígbà tí mo rí omi lójú ẹ̀, mo jókòó.

"Ọmọbìnrin Labasa yẹn, ṣé o lo kọ́ńdọ̀mù?"

"Ó wà nínú àpò mi."

"Àpò wo?"

"Àpò ṣòkòtò. Ṣòkòtò sì wà lórí àga."

Yéè! Kọ́ńdọ̀mù jókòó sórí àga, ó ń ṣọ́ ṣòkòtò!

Oṣù mẹ́rin sí i ni Aporosa máa gbé Litiana níyàwó. Ìyá ẹ̀ ti hun ẹní méje sílẹ̀ fún ìgbéyàwó náà.

"Bó bá jẹ́ àrùn tí kì í lọ ńkọ́, Peceli? Kí ni mo fẹ́ wí fún Litiana?"

"Lọ rí nọ́ọ̀sì."

"Nọ́ọ̀sì wo? Ṣé àbúrò ìyá mi? Ẹni tó wẹ̀ mí lọ́mọ ọwọ́!"

"Ṣé o rí i, ó ti mọ̀ ọ́n rí. Kí ló tún kù?"

Ó kọ̀ jálẹ̀. Bá a ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi nìyẹn, ó di erékùṣù tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ̀ wá. Wákàtí mẹ́ta gbáko, gbì-gbà, gbì-gbà, lórí ìgbì. Aporosa di nǹkan ẹ̀ mú bí ẹni gbé ẹyin.

Àlejò kì í sì í ṣàdédé wọ abúlé. Wàá gbé yaqona, gbòǹgbò tá a máa ń gún mu, lọ síwájú olóyè, agbẹnusọ ẹ á sì sọ ohun tó gbé ẹ wá. Yaqona, a gbé e dání. Ọ̀rọ̀ tá a máa sọ gan-an la ò rò.

Àgbà mọ́kànlá jókòó sórí ẹní, ìyàwó olóyè sì wà níbẹ̀. Olóyè fúnra ẹ̀, Ratu Emosi, fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Wọ́n gba yaqona, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pó! Pó! Pó!

Èmi sì ni agbẹnusọ.

"A wá rí nọ́ọ̀sì yín ni, Bàbá."

"Ẹ káàbọ̀ o. Kí ló ń ṣe ọ̀rẹ́ ẹ?"

Aporosa fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Ṣé kí n máa ròyìn nǹkan ọmọkùnrin níwájú àgbà mọ́kànlá àti ìyàwó olóyè ni?

"Eyín ni, Bàbá. Eyín ń dùn ún."

Mo dáràn! Ojú olóyè tàn yòò.

"Eyín? Ogún ọdún ni mo fi se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun, èmi ni mò ń yọ eyín gbogbo wọn! Ẹ bá mi gbé ẹ̀mú mi wá!"

Aporosa fò dìde. "Bàbá, ó ti dẹwọ́!"

"Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Ẹ fún mi ní gbòǹgbò, èmi náà á bá yín yọ gbòǹgbò."

Ta ló máa kọ ẹ̀bùn olóyè? Wọ́n bu yaqona fún un kí ẹnu ẹ̀ lè kú.

"Èwo ló ń dùn ẹ́?"

Aporosa wò mí. Mo wo òrùlé. Ó bá nàka sí ọ̀kan lẹ́yìn pátápátá, èyí tó rò pé òun ò fi bẹ́ẹ̀ nílò.

Wọ́n dì í mú. Gírí! Gírí! Gbàù!

"Yéèèèèè!"

Adìyẹ abúlé fò gun igi àgbọn. Ẹ̀rín ń pa mí dòní! Eyín náà funfun báláú. Olóyè yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Inú ló ti jẹrà," ó ní.

Mo bẹ olóyè kí nọ́ọ̀sì sáà bá wa wo ojú ọgbẹ́. Nọ́ọ̀sì náà, màmá kan tó wọ awò ojú, la bá nílé ìwòsàn. Kò tiẹ̀ wo ẹnu Aporosa. Ike kékeré ló nà sí i.

"Tọ̀ sí i."

"Mà, eyín ni..."

"Mo ní tọ̀ sí i. Látìgbà tí ìdíje Labasa ti parí, ìwọ ni eyín kẹrin."

Aporosa jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, títí kan àga. Màmá gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ṣàà!

"Àtọ̀sí ni, á lọ. Sọ fún ọmọbìnrin yẹn kóun náà lọ gba ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ ẹ mọ́ lónìí, àmọ́ àrùn mìíràn máa ń fara pamọ́, torí náà padà wá lóṣù mẹ́ta sí i. Kọ́ńdọ̀mù rèé. Kì í ṣe àga ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún."

Inú Aporosa dùn débi pé ó ń sunkún. Ó ń fò lọ sídìí ọkọ̀, àfi bó ṣe dúró gbagidi.

"Peceli! Oṣù mẹ́ta! A tún máa gbé yaqona lọ bá olóyè!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí la máa ní ó ń ṣe mí?"

Mo wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó wú bí búrẹ́dì inú omi.

"Fọkàn balẹ̀. Ó ṣì ku eyín mọ́kànlélọ́gbọ̀n."