Fìlà Tí Ẹ́ńjìnì Dé

Bùsírátù, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa, ní Iléyá ọdún 1983. Òun ló gbé ata lọ fún lílọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ ló ṣe.

Sàfúrátù ló ni ṣọ́ọ̀bù ìlọta ní Òwu. Èènì ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ń ta ìrẹsì, bó bá wọn kóńgò kan tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Nígbà tó di ìyá ìlọta, á ju àlùbọ́sà tirẹ̀ sínú ata oníbàárà. Bó bá kí ọ pé ẹ kú iṣẹ́, á fi ẹ kú ooru ṣe èènì.

Ó wá ra ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tuntun ní Kútọ̀. Gbogbo ohun tó ní ló kó lé e. Ẹni tó tà á fi ìlà kan hàn án lára irin: "Ìyá, ibí yìí ni kí ọ́ìlì dé."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí, Sàfúrátù yọ agolo tó ń sẹ́ eruku kúrò lẹ́nu ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń fa afẹ́fẹ́. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn. Ó bu ọ́ìlì dé ojú ìlà.

Lẹ́yìn náà, ó fi èènì sí i.

Sàlàhúdíìnì ọkọ rẹ̀ yí ẹ́ńjìnì. Pọ́kú, pọ́kú, pọ́kú. Ata ń kúnná.

Ó di pọ́kúpọ́kúpọ́kú.

Ó di rììììììì.

Èéfín bo ṣọ́ọ̀bù. Ata kúrò nínú ẹ̀rọ, ó lọ sára ògiri. Sàlàhúdíìnì ti dísẹ́ẹ̀lì pa. Ẹ́ńjìnì kò gbọ́.

Olújìmí, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ oní-pẹtiróòlù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, sáré wọlé pẹ̀lú sípánà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, á kú."

"Kò ní púlọ́ọ̀gì," ni Sàlàhúdíìnì wí.

"Kí ló wá ń ṣáná sí i?"

"Afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀ nínú. Tó bá fún un pọ̀ dáadáa, á gbóná; dísẹ́ẹ̀lì tó bá kàn án á gbiná fúnra rẹ̀. Ẹni tó tà á ló sọ bẹ́ẹ̀."

Olújìmí rọra dá sípánà padà sápò.

"Ẹ sì ti dísẹ́ẹ̀lì pa. Kí ló wá ń jẹ?"

Sàfúrátù ń wo òrùlé.

"Ìyá Ṣéhù," ni ọkọ rẹ̀ pè é, "báwo lo ṣe bu ọ́ìlì?"

"Mo bu ú dé ojú ìlà."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé kí n máa wọn oúnjẹ fún un ni?"

Olújìmí ní ọ́ìlì tó pọ̀jù ti gòkè lọ síbi tí iná ti ń jó, òun ni ẹ́ńjìnì ń mu. Bó bá mu ún tán, irin á máa ha irin, ó di kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. "Afẹ́fẹ́ nìkan la lè gbà lẹ́nu rẹ̀."

"Ibo ló fi ń mí?" Sàlàhúdíìnì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó.

Fòòù.

Fìlà kúrò lórí rẹ̀, ó lọ dí ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí pinpin.

Pọ́kú. Pọ́.

Ẹ́ńjìnì kú. Orí Sàlàhúdíìnì ń dán nínú èéfín.

"Ẹ̀rín ń pa mí," ni Bùsírátù wí, "àmọ́ ata mi ló wà lára ògiri yẹn."

Sàfúrátù ha á fún un. Ó fi ẹfun ògiri ṣe èènì.

Olújìmí fa ọ́ìlì tó lé jáde, ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnì. Àmọ́ fìlà ti dúdú bí ìkòkò, Sàlàhúdíìnì sì ní òun kò ní fi orí lásán yí ẹ̀rọ níṣojú oníbàárà. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì títí Sàfúrátù fi lọ bá aránfìlà ní Ìtòkú.

Fìlà tuntun dé. Sàlàhúdíìnì dé e. Ó bo orí, ó bo etí, ó gúnlẹ̀ sí imú.

"Ta ló sọ bí orí mi ṣe tó fún wọn?" ló béèrè láti inú fìlà.

"Èmi ni," ni Sàfúrátù wí. "Mo ní kí wọ́n fi èènì sí i."

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kejìlá oṣù Máàṣì, ọdún 1983. Ẹ́ńjìnì tún dún ní Òwu, ẹni tó yí i kò sì rí i.