Òdòdó Òtútù Tí Wọ́n Sọ Di Ilẹ̀ Àánú

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ tí ẹ ò lè rí ẹni tó ń bọ̀ àfi tó bá kí yín, ọjọ́ náà á tún jí lọ́kàn mi, n ó sì máa dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Kí n kúkú sọ ọ́ kí ẹ bá mi rín in, torí ojú ti tì mí tó fún un.

Ọdún tí a gba òmìnira ni. Tíṣà kékeré ni mí nígbà náà ní Odígbó, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní ABD. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àdúrà ni mo gba yàrá kan sí, opó tó jẹ́ àgbà obìnrin nínú ìjọ Aládùúrà àdúgbò wa. Gbogbo àdúgbò ló ń wọ aṣọ funfun lọ sílé àdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi náà ní tèmi, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ fún yín, Bísí ni mo ń lọ wò.

Bísí ni ọmọ Bàbá Ìjọ, olórí ìjọ náà, àgbẹ̀ kòkó tí oko rẹ̀ wà lọ́nà Araromi-Obu. Ó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn, ìgbà ìsinmi nìkan la ń rí i. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Mo ti bá a sọ ọ́, bí ẹ bá lè pe ìyẹn ní sísọ: mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ walẹ̀, mo ní, "Bísí, ọ̀rọ̀ wa ńkọ́?" Gbogbo ohun tí ẹnu mi lè gbé jáde náà nìyẹn. Kò ṣí ohùn, kò ní òun gbà, kò sì ní òun kọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé bí ọmọbìnrin ò bá tíì ṣí ohùn, bí o gbé gbogbo iṣu oko rẹ lọ fún bàbá rẹ̀, o kàn lọ kí i ni. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ìyẹn, ajẹ́ńtì kan tó ń ra kòkó ní Ọ̀rẹ̀ ti ń gun alùpùpù wá kí bàbá rẹ̀ ní kíkí tó ti pọ̀ jù.

Nígbà ìsinmi òmìnira, Bísí wálé, ó fún mi ní agolo kékeré kan. Irúgbìn wà nínú rẹ̀, ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ó ní òdòdó òtútù ni, páńsì ni òyìnbó ń pè é. Ọ̀gá wọn, obìnrin òyìnbó kan, ń gbìn ín sí ọgbà ilé rẹ̀; ojú òdòdó náà dà bí ojú èèyàn tó ń ronú, ó pọ́n bí ẹsẹ̀ àlùkò, àárín rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú. Ọ̀gá náà ní kò lè tanná láé níbi tí ooru ti pọ̀ tó tiwa.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni mo wí. "Ṣebí a ti gbòmìnira? Òdòdó wo ló máa lóun ò tanná fún wa?"

Bísí na ìka sí agolo náà. "Ó dáa, Tíṣà. Bí ẹ bá mú un tanná kí n tó padà sí Ìbàdàn lẹ́yìn Kérésì, ọjọ́ tí mo bá rí i ni n ó dá yín lóhùn."

Èmi tí mi ò gbin ilá rí kó so! Ọjọ́ kejì ni mo ti da ìdajì irúgbìn náà sẹ́yìn ilé. Òjò àrọ̀kẹ́yìn rọ̀, ó gbé díẹ̀ lọ, ó mú díẹ̀ jẹrà, adìyẹ Ìyá Àdúrà sì tú ìyókù. Mo jókòó sílẹ̀, mo káwọ́ lérí.

Mo wá fi ọgbọ́n sí i. Mo wa ilẹ̀ dúdú lábẹ́ igi kòkó, mo jọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ eérú díẹ̀, mo rọ ọ́ sínú agolo mílíìkì tí mo ti fi ìṣó lu nídìí. Mo gbin ìdajì tó kù, mo fi ewé kókò bò wọ́n kí ìmọ́lẹ̀ má kàn wọ́n. Ibi tó tutù jù nínú yàrá mi ni ẹ̀gbẹ́ àmù omi, ibẹ̀ náà sì ni ibùsùn mi wà. Mo gbé ibùsùn kúrò fún wọn, kò sì gba ibòmíràn nínú yàrá náà, bí mo ṣe di ẹni tó ń sùn lórí ẹní nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣí ewé kókò, mo bá rí wọn, ewé méjì méjì, wọ́n tẹ orí ba bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti lọ sílé-ìwé.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo kó wọn lọ sẹ́yìn ilé. Mo ṣe fún wọn bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe fún ọmọ kòkó: mo ri igi, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe òrùlé, mo sì fi ṣe ọgbà yí wọn ká kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Síbẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń mú wọn rọ. Mo wá rò ó pé aṣọ tútù ló kù. Aṣọ tó nípọn jù tí mo ní ni aṣọ àdúrà mi. Mo rẹ ẹ́ sómi, mo ta á sórí imọ̀ ọ̀pẹ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, abẹ́ rẹ̀ sì tutù minimini.

Imọ̀ ọ̀pẹ yíká, aṣọ funfun lókè. Ní àdúgbò Aládùúrà! Ẹ̀yin ti rí ohun tí mo kọ́. Èmi ò rí i.

Kí Bísí tó padà sí Ìbàdàn, ó ní ewé wọn kì í fẹ́ omi, ìdí ni kí n máa rọ ọ́ sí, ní òwúrọ̀ kùtù. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni mo máa ń jáde. N ó wé ara mi mọ́ aṣọ ìbora funfun nítorí òtútù, n ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí n má tẹ ọ̀kankan mọ́lẹ̀, n ó sì kúnlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, àárọ̀ wọ̀nyẹn! Ìkùukùu á ti gbé igi ọ̀pẹ mì dé ọrùn. Òórùn kòkó tí wọ́n sá á máa ta sánsán. Orin ilé àdúrà á máa bọ̀ láti òkèèrè, bí ẹni pé abẹ́ omi ni wọ́n ti ń kọ ọ́. N ò ní mọ̀ bóyá mo ti jí tàbí mo ṣì ń sùn. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá òdòdó sọ̀rọ̀. Mo sọ èyí tó ga jù ní Bísí. Nígbà tó mú ìrudi àkọ́kọ́, mo ní láti já a sọ nù, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kó lè yọ ẹ̀ka. Mo tọrọ gááfárà lọ́wọ́ rẹ̀, omi lé ròrò sí mi lójú.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ wọ bàtà mi, mo bá bàtà obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Àdúrà ló kúnlẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, ó dojú bolẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kò sí o?"

"Ṣe jẹ́ẹ́, ọmọ mi. Mi ò tíì parí."

"Ìyá, òdòdó ni mo gbìn síbẹ̀ o."

"Má wulẹ̀ fi pamọ́ fún mi," ni ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìgò omi ti tò sídìí ọgbà mi lọ bẹẹrẹ. Ilẹ̀ Àánú ni wọ́n ń pè é, orúkọ ilẹ̀ tí àwọn Aládùúrà máa ń fi imọ̀ ọ̀pẹ àti aṣọ funfun yà sọ́tọ̀ fún àdúrà. Wọ́n ń bọ́ bàtà, wọ́n ń kúnlẹ̀, àwọn tó dàgbà tó ìyá mi ń kí mi pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Bí mo bá ní, "Òdòdó ni o," wọ́n á ní, "Ẹ ò rí ìrẹ̀lẹ̀!" Ajẹ́ńtì kòkó náà wá. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ sí ọ̀ọ́kán, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n gbàdúrà kí ọ̀rọ̀ òun àti ọmọbìnrin kan lè yọrí sí rere.

"Ọmọbìnrin wo?"

"Bísí, ọmọ Bàbá Ìjọ."

Mo gbọ́wọ́ lé e lórí. Ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ lọ́jọ́ náà, àárín èmi àti Ọlọ́run ni.

Kérésì dé, Bísí dé. Ìrudi ti pọ̀ lórí òdòdó mi nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn ò là. Ọdún tuntun kọjá, wọn ò là. Ọjọ́ Ajé ni Bísí máa padà, ìdajì ọ̀sẹ̀ ni mo fi jẹun tí mi ò mọ adùn rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, òtútù kan mú tí gbogbo Odígbó ń gbọ̀n, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n là! Wọ́n là lóòótọ́, wọ́n kọjú sí mi pẹ̀lú ojú ìrònú wọn yẹn. Mo sáré lọ sílé Bàbá Ìjọ, mo ń mí hẹlẹ.

"Wá láàárọ̀ ọ̀la," ni mo wí fún Bísí.

"Ṣé wọ́n tanná?"

"Ṣáà wá."

Agogo ló jí mi lọ́jọ́ kejì. Mo sáré jáde, mo bá gbogbo ìjọ lẹ́yìn ilé, funfun nínú ìkùukùu funfun, ojú àti ọwọ́ wọn nìkan ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ti pète rẹ̀ láìjẹ́ kí n mọ̀: wọ́n fẹ́ ya ilẹ̀ náà sí mímọ́, kí wọ́n sì yan èmi gan-an láti lọ ṣe aṣáájú ilé àdúrà tuntun ní Omifunfun. Wọ́n mú mi jókòó lórí àga. Bàbá Ìjọ da omi lé mi lórí, nínú ọyẹ́! Kí n tó nu ojú mi tán, àwọn ìyá ti wọ inú ọgbà, oníkálukú ń já òdòdó kọ̀ọ̀kan sínú ìgò omi rẹ̀.

"Ẹ má já a!" ni mo kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a!"

"Àmín!" ni wọ́n dáhùn.

Ẹkún gbọ̀n mí. Wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé mi, wọ́n túbọ̀ gbé orin sókè. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, Bísí ló dúró lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń wo ọgbà tí kò ku ẹyọ òdòdó kan.

Bí ó bá mọ níbẹ̀, ì bá sàn. Ìyá Àdúrà dìde láti jẹ́rìí.

"Ẹ̀yin ará, etí mi yìí ni mo fi gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ọkàn kan. Ó ní, 'Bísí, má bínú pé ẹnu mi wúwo. Bí o bá wà nítòsí, gbogbo nǹkan á mọ́lẹ̀ fún mi. Bí o bá lọ, Odígbó á ṣófo. Jọ̀ọ́, má lọ fẹ́ alùpùpù.' Ẹ̀yin ará, irú àdúrà wo nìyẹn!"

Orin dákẹ́. Ajẹ́ńtì ṣí fìlà rẹ̀. Gbogbo orí yí sí Bísí, wọ́n sì tún yí sí mi.

"Bísí wo?" ni Bàbá Ìjọ bi mí.

Mo dìde, omi ń ro tótó lára mi. "Bísí yín ni, sà. Kì í ṣe Ilẹ̀ Àánú. Òdòdó ni, Bísí ni mo gbìn ín fún. Mo ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí, ẹ ò gbọ́."

"Aṣọ àdúrà lo fi ṣe ìbòji òdòdó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Yéè!" ni Ìyá Àdúrà ké. "Mo ti mu nínú omi yẹn!"

Bísí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ìyá rẹ̀ tó dúró tì í mú. Lẹ́yìn náà ó gba àárín èrò wá, ó dúró síwájú mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Mi ò rí òdòdó kankan, Tíṣà."

Mo ní mo mọ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àdúrà sọ yẹn, ẹnu yín ló ti jáde?"

"Ẹnu mi ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́ fún ewé? Ẹ tún un sọ. Èmi ni kí ẹ sọ ọ́ fún."

Níwájú gbogbo ìjọ, níwájú bàbá rẹ̀, níwájú ajẹ́ńtì, eyín mi ń lu ara wọn, mo tún un sọ. N ò fo ọ̀kan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, Bísí kọjú sí bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo ti gbà." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣí ohùn.

Wọn ò rán mi lọ sí Omifunfun mọ́; gbígbá ni wọ́n ní kí n máa gbá ilé àdúrà títí di Ọdún Àjíǹde nítorí aṣọ náà, mo sì gbá a. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ ti èèyàn, kí a mú un lọ bá ẹni náà lójú ara rẹ̀, kódà bí ẹnu bá wúwo. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa kí n tó bi Bísí bóyá ó dùn ún pé kò rí òdòdó òtútù yẹn. Ó ní rárá o, òun ò tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ rí, ojú rẹ̀ máa ń ba òun lẹ́rù. Òun kàn ń wá ohun tí yóò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ni. Mo rántí gbogbo bí mo ṣe sùn lórí ẹní nítorí ewé, mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn sì ń dùn mí bí mo ṣe ń rín in.