Mo Jókòó Lórí Baba Ńlá Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé, bó ti wù kí n fẹ́ gbàgbé rẹ̀ tó. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ lọ kí bàbá Títílayọ̀ nílé wọn ní Ìlódè, nílùú Ifẹ̀. Títílayọ̀ ni ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣe aya, ọ́fíìsì kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé bàbá òun ti lé ọkùnrin kan tó wá tọrọ òun padà rí, torí pé ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ wá wo èmi tó jẹ́ pé mo máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Agbádá tí mo yá wọ̀ tóbi jù mí lọ. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ ló bò mí lórí pátápátá, nígbà tí mo sì máa yọ orí jáde, ewúrẹ́ ni mo ń kí. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó. Àga méjì péré ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá wà lórí ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà wà lórí ìkejì. Mo wá rí pèpéle kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n fi táìsì bò, ó mọ́, ó sì tutù, ni mo bá jókòó síbẹ̀. Títílayọ̀ ń ṣẹ́jú sí mi ṣáá. Mo rò pé ìfẹ́ ló ń pa á.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?" Bàbá bi mí.

"Ọmọ Ilare ni mí, sà, nínú Ifẹ̀ níbí náà."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́ sí. Àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo gbọ́n, pé mo mọ ìtàn Ifẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Ẹ̀yin ará Ìlódè, ẹ máa mọ̀ nípa Ọdẹ́níran ojo nìyẹn." Ní ilé wa, bí ọmọdé bá sá fún ajá, Ọdẹ́níran la máa pè é. Ìyá ìyá mi ló sọ ìtàn náà fún wa: wọ́n fi ọkùnrin yìí ṣọ́ ẹnubodè, ogun dé, àwọn yòókù dúró, òun sọ ọrun nù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ròyìn ẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Mo tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè láti fi bó ṣe sáré hàn wọ́n, ni mo bá ta ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé fún mi nípàá. Gbogbo ẹ̀ dà sórí pèpéle.

Títílayọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Ṣé o mọ ohun tí o jókòó lé?" ni Bàbá wí.

"Pèpéle ni, sà."

"Sàréè ni. Ọdẹ́níran ni wọ́n sin síbẹ̀. Òun ni baba ilé yìí."

Mi ò mọ bí mo ṣe fò dìde. Agbádá ti há sí igun sàréè, ó ya fààà. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi èyí tó kù nínú ẹ̀ nu sàréè náà. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn gan-an ni. Mo mọ̀ pé mo ti fi ẹnu ara mi lé e lọ.

"Má nù ún," Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fún un ní nǹkan dídùn mu."

Ni wọ́n bá dìde, wọ́n ń kì í. "Ọdẹ́níran, asáré-má-fọmọ-sílẹ̀. Ó sọ ọrun nù, ó fọwọ́ méjèèjì gbọ́mọ." Ohùn tó ń jáde lẹ́nu wọn kì í ṣe ohùn arúgbó mọ́. Orí mi wú. Mi ò lè paradà níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Bàbá wá là á yé mi. "Ó sá, lóòótọ́. A ò sẹ́ ẹ rí. Àwọn ọmọdé sá pamọ́ sínú ahéré kan nítòsí ẹnubodè, kò sì sí bó ṣe lè mú ọrun dání kó tún gbé wọn. Ó sọ ọ́ nù, ó kó wọn wọgbó. Kò bí ìkankan nínú wọn. Àwọn tó dúró jagun ló bí wọn, àwọn yẹn ò sì padà wálé. Àwọn ọmọ yẹn ló bí gbogbo wa tí o rí yìí."

Mo wo sàréè yẹn, omi bọ́ lójú mi. Láti kékeré ni mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣẹ̀rín. Àwọn ará Ilare rí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń sá, wọn ò rí ohun tó gbé mọ́yà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má torí ẹnu mi fi Títílayọ̀ dù mí."

Ìyá Àgbà ló bi mí pé, "Ọmọ Ilare, ṣé o lè jà?"

"Rárá, mà. Mi ò jà rí."

"Sísá ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n sá gan-an, mà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu wọn. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ fún un ní ìyàwó ẹ̀. Ìwọ náà gbọ́, lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, má ṣe akin fún wa. Gbé ọmọ wa, kí o sá."

Títílayọ̀ ti di ìyàwó mi báyìí. Ohun tí mo kọ́ ni pé tí mo bá dé ilé onílé, mo máa ń béèrè ẹni tó wà lábẹ́ ìdí mi kí n tó la ẹnu. Ní Ilare, wọ́n ṣì ń pe ojo ní Ọdẹ́níran. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo kúkú mọ bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n pé, àwọn ta ló gbé lọ́wọ́ nígbà tó ń sá?