Àga Méjì àti Àkọ́ṣà Ọdún Tó Ń Bọ̀

Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kọkànlá ni, ní pápá ìgbọ́kọ̀sí ìlú Harlow létí adágún Erie. Yìnyín ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹgbẹ́ Alágbẹ̀dẹ ìlú náà, tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù, sì ti fìdí rẹmi ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni má sun sọ́séèjì. Casimir Wojtas, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ti fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ irin, jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Duane, ọkọ ọmọ rẹ̀, tí kò sí ohun tí kò mọ̀ láyé, ń yí ẹran lórí iná. Rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ fẹ́ fi àkọ́ṣà ọdún méjì, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ ṣa ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, gba ajubọ́ọ̀lù àgbà kan, Lonnie Strand.

DUANE: Wọ́n ti ya wèrè! Dádì, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n wí? Àkọ́ṣà ọdún tó ń bọ̀! Àti ti èyí tó tẹ̀lé e! Nítorí ọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógójì tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́!

CASIMIR: Orúnkún tèmi náà ń dún. Ṣé ó ṣì lè ju bọ́ọ̀lù?

DUANE: Ó lè jù ú. Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀.

CASIMIR: Èmi rò pé ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀.

DUANE: Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ máa ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì. Ẹgbẹ́ tó bá gbẹ̀yìn pátápátá ló ń kọ́kọ́ ṣà.

CASIMIR: Ẹni tó gbẹ̀yìn?

DUANE: Ẹni tó gbẹ̀yìn.

CASIMIR: Nílé ìyá mi, ẹni tó bá gbẹ̀yìn dé ìdí oúnjẹ, egungun ló ń bá níbẹ̀.

DUANE: Bọ́ọ̀lù kì í ṣe ilé ìyá yín, Dádì. Tí wọ́n bá ṣáà ti lè nà wá lónìí, àkọ́ṣà di tiwa nìyẹn.

(Casimir gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀.)

CASIMIR: Duane. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n nà wá ni?

DUANE: Pẹ̀lú ọgbọ́n ni!

CASIMIR: Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n ti ń nà wá láìlọ́gbọ́n. Bákan náà ló ń dunni.

DUANE: Ẹ ṣe sùúrù. Ilé là ń kọ́.

CASIMIR: Ta la kọ́kọ́ ṣà lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn? Ọmọ tó ga bí òpó iná yẹn?

DUANE: Brandt. Apá rẹ̀ kán.

CASIMIR: Èyí tó tẹ̀lé e ńkọ́?

DUANE: Ó ń ta mọ́tò báyìí.

CASIMIR: Ọkọ̀ tí mo jókòó lé yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rà á. Ọmọ dáadáa ni. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn?

DUANE: (ó rẹ ohùn sílẹ̀) Ó lọ di àlùfáà.

CASIMIR: Ó wo bá a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, ó rí i pé àdúrà nìkan ló kù.

DUANE: Dádì, ẹ ṣáà ṣe sùúrù. Ilé là ń kọ́!

CASIMIR: Irene ìyàwó mi náà ṣe sùúrù. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi jókòó tì mí nínú òtútù yìí, tó ń sọ pé, “Cas, ó di ọdún tó ń bọ̀.” Ọdún tó ń bọ̀ dé, kò bá a láyé. Ó dùn mí, Duane. Mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí gba ife lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó lọ bá a, kí n lè rí nǹkan ròyìn fún un.

(Duane ń fi àmúga yí sọ́séèjì kan títí ó fi jóná.)

DUANE: Mo gbọ́ yín. Àmọ́ ẹ wo èmi alára. Àga yín méjèèjì tí ẹ ń sanwó fún lọ́dọọdún nínú pápá ìṣeré, ìlà ọgbọ̀n, àárín pápá gangan! Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá èèyàn ló wà nínú ìwé tí wọ́n ń dúró de irú ẹ̀. Ẹ ti ní yóò di tèmi lẹ́yìn ọgọ́fà ọdún. Ṣé mo ń kánjú? Mo ń dúró. Béèyàn ṣe ń tọ́jú ọ̀la nìyẹn.

CASIMIR: O ń dúró de ikú mi.

DUANE: Tìfẹ́tìfẹ́ ni!

CASIMIR: Ó dáa. Kò wá yẹ kéèyàn fi ọ̀la gba òní?

DUANE: Láéláé!

CASIMIR: Bó bá tiẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ń dún?

DUANE: Àgbàlagbà tí orúnkún rẹ̀ ń dún gan-an ni ká má gbà fún!

CASIMIR: Ó mà ṣe o. Ǹ bá ti bi ọ́ léèrè lọ́jọ́rú.

(Àmúga Duane dúró lókè, sọ́séèjì kan lẹ́nu rẹ̀.)

DUANE: Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́rú?

CASIMIR: O mọ Earl Pruitt. Ó ní àyè nínú yàrá onígíláàsì òkè lọ́hùn-ún, níbi tó ń móoru, tí ẹ̀rọ ń gbé èèyàn dé ibẹ̀. Ọdún méjì péré ló kù lórí ẹ̀. Ó gbé e fún mi.

DUANE: Kí lẹ fún un?

CASIMIR: Àga méjèèjì. Àtọmọdọ́mọ.

DUANE: Dádì! Torí ọdún méjì!

CASIMIR: Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógójì ló wà láti ẹnu ọ̀nà dé ìlà ọgbọ̀n. Èmi ń kà á, orúnkún mi náà ń kà á. Ọdún méjì kan náà ló sì kù fún Strand nídìí bọ́ọ̀lù. Èmi àtòun, òní là ń wá.

DUANE: Ta ló máa jókòó síbẹ̀ lónìí?

CASIMIR: Earl àti ìyàwó ẹ̀.

DUANE: Èmi wá ńkọ́?

(Ariwo sọ nínú pápá ìṣeré. Casimir wọ ìbọ̀wọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó mú sọ́séèjì tó wà lẹ́nu àmúga Duane.)

CASIMIR: Ṣé mo lè gbàgbé rẹ ni? Mo ti ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ sínú ìwé àwọn tó ń dúró de àga.

DUANE: Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá èèyàn ló wà níwájú mi!

CASIMIR: Mo mọ̀. Wọ́n ní ìwọ lo gbẹ̀yìn pátápátá. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìwọ náà kọ́ lo sọ ọ́? Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ ṣà.