Ìyá Aránṣọ Tí Ọmọ Rẹ̀ Pa Sínú Ìwé

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá tó lé oorun ọ̀sán lójú àwọn ìjòyè. Ìyá aránṣọ ló pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ lẹ́jọ́, ọmọ yunifásítì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Pròfẹ́sọ̀. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ìyá náà. Inú ń bí i débi pé kò rántí bọ́ ọ.

"Kábíyèsí, ọmọ yìí pa mí."

"Ìwọ tó o dúró síbí yìí?"

"Nínú ìwé ni, Kábíyèsí. Níléèwé wọn, wọ́n ní kí kálukú kọ ìtàn iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní ẹja ni mò ń tà, pé ọkọ̀ ojú omi dojú dé, mo sì bá a lọ. Èmi tí mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí!"

Ọba kọjú sí Pròfẹ́sọ̀. "Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Rárá o. Fóònù ló kọ ọ́."

"Ta ló ni fóònù?"

"Èmi ni. Àmọ́ mi ò ní kó pa wọ́n. Mo kàn ní kó kọ ohun tó máa wọni lọ́kàn ni. Òun ló rí i pé kò lè wọni lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ bí ìyá bá ṣì wà láyé."

"O ò wá kà á kó o tó fún olùkọ́?"

"Ó gùn, Kábíyèsí. Ojú ewé méjìlá."

Wọ́n pe olùkọ́ wá jẹ́rìí. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ka ìwé náà, pé òun sunkún, òun sì fún un ní máàkì márùndínlọ́gọ́rin.

"Ọjọ́ wo lẹ kà á?" ni ìyá bi í.

"Ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nítorí ṣòkòtò yín, ẹ ní ó fún yín nídìí. Ṣé òkú lẹ wá bá jà?"

Olùkọ́ wúkọ́. "Ká sòótọ́, fóònù ló bá mi kà á."

"Ṣé fóònù náà ló sunkún?" ni ìjòyè kan bi í.

Ẹ̀rín sọ, àfi ìyá aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi bi ọmọ mi yìí, ta ló kọ́ mi níṣẹ́?"

Pròfẹ́sọ̀ wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó wá ki ọwọ́ bọ àpò láti yọ fóònù. Èyí dun ìyá rẹ̀ ju ikú inú ìwé lọ.

Ọba gba fóònù náà, ó gba ti olùkọ́ mọ́ ọn. Ó ní: "Yunifásítì ti fún ikú ìyá yìí ní máàkì, ta làwa láti ta kò wọ́n? Ó ti kú. Kò gbọdọ̀ se oúnjẹ fún ọ, kò gbọdọ̀ fọ aṣọ rẹ, bó o bá bi í ní nǹkan, kò gbọdọ̀ dáhùn, títí wàá fi fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìtàn rẹ̀ tòótọ́. Olùkọ́ á sì fi ẹnu ara rẹ̀ kà á fún wa níbí."

Wọ́n fún Pròfẹ́sọ̀ ní ìwé àti gègé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ yín níṣẹ́?"

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ìyá yìí ti ń retí kí ọmọ rẹ̀ bi òun ní ìbéèrè yẹn. Ó la ẹnu.

"Ìyá," ni akọ̀wé ààfin wí, "ẹ ti kú o."

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Pròfẹ́sọ̀ dìde, ó mú ìwé rẹ̀, ó sì ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bi àwọn aládùúgbò léèrè irú ẹni tí ìyá òun jẹ́.